Irin Tí Ó Dákẹ́ ní Àyà Péjú

"Ìyá, ta ni ó ń fún Péjú ní oògùn rẹ̀?"

"Èmi ni."

"Lójoojúmọ́?"

"Lójoojúmọ́. Bí ó bá ti mu ẹ̀kọ òwúrọ̀ tán, n óò pè é. Yóò kúnlẹ̀, yóò na ọwọ́ méjèèjì, n óò kó o lé e lọ́wọ́, yóò sì gbé e mì lójú mi."

"Ṣé kò sí ọjọ́ tí ẹ gbàgbé?"

"Ọmọ mi, mo lè gbàgbé oúnjẹ ara mi. N kò gbàgbé oògùn ìyàwó mi rí."

"Ẹni ọdún mẹ́tàdínlọ́gbọ̀n ni, olùkọ́ tí ó mọ̀wé. Kí ló dé tí ó fi jẹ́ ẹ̀yin ni ẹ ń tọ́jú oògùn rẹ̀?"

Arúgbó náà wò ó bí ẹni tí a bi ní ìbéèrè òmùgọ̀. "Aboyún ni. Ní ilé tiwa, ohun tí aboyún yóò fi sí ẹnu, ọwọ́ ìyá ọkọ rẹ̀ ni ó gbọ́dọ̀ ti wá. Bẹ́ẹ̀ ni wọ́n ṣe fún èmi náà."

Ìnsípẹ́kítọ̀ Ọmọ́ládé Ògúnníyì kọ ìdáhùn náà sílẹ̀. Ó mọ̀ pé kò sí ẹ̀rí tí ó lè pa obìnrin yìí ju ọ̀rọ̀ ẹnu ara rẹ̀ lọ.

Ọjọ́ Ẹtì ni, ní ìparí oṣù Kọkànlá ọdún 1982. Ọyẹ́ ti bẹ̀rẹ̀ sí í fẹ́ ní Jos, ètè gbogbo ènìyàn sì ti ń là. Arúgbó náà, Ìyá Olúkọ́lá, ti lo ọjọ́ márùn-ún ní àtìmọ́lé. Ẹ̀sùn tí wọ́n fi kàn án ni pé ó pa Péjú, ìyàwó ọmọ rẹ̀, tí ó ṣubú lulẹ̀ ní ilé ìdáná wọn ní Jenta Adamu pẹ̀lú oyún oṣù márùn-ún. Láti ọdún 1979 ni Péjú ti ń fi irin gbé ayé. Ibà ìgbà èwe ti ba ọ̀kan nínú àwọn ilẹ̀kùn ọkàn rẹ̀ jẹ́. Àwọn oníṣègùn ní London gé e kúrò, wọ́n sì fi ti irin rọ́pò rẹ̀. Láti ọjọ́ náà ni ó ti di dandan fún un láti máa lo oògùn kan tí ń jẹ́ wọ́fárínì lójoojúmọ́, kí ẹ̀jẹ̀ má baà dì mọ́ irin náà.

Oògùn wà ní ìkáwọ́ ìyá ọkọ. Péjú kú. Ọ̀gá àgọ́ ọlọ́pàá kò fẹ́ ẹ̀rí mìíràn mọ́: bí ilẹ̀ Ọjọ́ Ajé bá mọ́, wọn yóò gbé arúgbó náà lọ sí ilé ẹjọ́.

Kọ́pùràlì Jonathan yọ orí sínú yàrá. "Màdáámù, bàbá olóògbé tún ti dé."

"Jẹ́ kí ó wọlé."

Samson Àkàndé, ọmọ Ògbómọ̀ṣọ́, ti lo ogójì ọdún ní Jos, kò sì sí télọ̀ kan láti Naraguta títí dé Dadin Kowa tí kò gbé ẹ̀rọ ìránṣọ rẹ̀ tọ̀ ọ́ wá rí. Ó wọ aṣọ tí a lọ̀ dáadáa, ṣùgbọ́n òórùn òróró ẹ̀rọ kò fi ìka rẹ̀ sílẹ̀.

"Ìnsípẹ́kítọ̀, ẹ̀yin ṣì ń bá apànìyàn sọ̀rọ̀? Ẹ kò tíì gbé e lọ?"

"Bàbá, ẹ jókòó. Dókítà ní kò sí májèlé. Ó ní ọkàn Péjú ni."

"Irọ́ ni! Ọkàn kọ́! Etí mi yìí ni ẹlẹ́rìí mi." Ó na ìka sí etí ọ̀tún. "Láti ìgbà tí a ti dé láti London ni mo ti máa ń gbé etí lé àyà ọmọ mi láti gbọ́ irin náà. Ọjọ́ méjì kí ó tó kú, mo gbọ́ ọ. Kò dára tó bẹ́ẹ̀ rí! Ẹni tí ọkàn rẹ̀ dára tó bẹ́ẹ̀, tí ó wá ṣubú lulẹ̀ kú, ẹnìkan ni ó pa á. Ẹ so obìnrin náà kọ́!"

"Ó dàbí ẹni pé etí yín dá yín lójú, Bàbá."

"Etí yìí ni mo fi ń jẹun."

Nígbà tí ó jáde, Jonathan mi orí. "Àánú rẹ̀ ṣe mí, Màdáámù. Ọmọ kan ṣoṣo tí ó bí nìyẹn."

"Àánú ìyá yẹn ńkọ́?"

Jonathan jáde lọ gbé ọkọ̀ wá.

*

Dókítà Ọ̀pádọ̀tun, tí ó ń tọ́jú Péjú, tí ó sì yẹ òkú rẹ̀ wò, kì í fi ọ̀rọ̀ ṣòfò.

"Ẹ̀jẹ̀ ni ó dì mọ́ irin náà, títí ilẹ̀kùn rẹ̀ kò fi lè ṣí mọ́. Ìpele lórí ìpele ni. Iṣẹ́ ọjọ́ kan kọ́. Ó tó ọ̀sẹ̀ márùn-ún tàbí mẹ́fà."

"Ẹni tí ó ń lo wọ́fárínì lójoojúmọ́?"

"Ẹni tí ó ń lò ó kì í rí bẹ́ẹ̀. Ní oṣù Kẹsàn-án tí a yẹ ẹ̀jẹ̀ rẹ̀ wò gbẹ̀yìn, ó dára. Láti ìgbà náà, èròjà àyẹ̀wò ti tán ní ilé ìwòsàn yìí. A ti kọ̀wé béèrè títí ó ti sú wa."

"Ta ni ó fẹ́ kí ó fi oògùn náà sílẹ̀?"

Dókítà bọ́ awò ojú rẹ̀. "Ní oṣù Kẹsàn-án yẹn ni ó gbé oyún oṣù mẹ́ta wá. Mo pe àwọn ènìyàn rẹ̀ jọ: ọkọ rẹ̀ tí ó ń ṣiṣẹ́ ní Bauchi, ìyá ọkọ rẹ̀ àti bàbá rẹ̀. Mo la ọ̀nà sílẹ̀ fún wọn. Bí ó bá ń lo oògùn rẹ̀ lọ, òun fúnra rẹ̀ yóò wà, ṣùgbọ́n oògùn náà a máa kọjá sí ara ọmọ inú. Ó lè pa á, ó sì lè sọ ọ́ di aláàbọ̀ ara. Bí ó bá yí sí abẹ́rẹ́, abẹ́rẹ́ kì í kan ọmọ, ṣùgbọ́n ẹ̀ẹ̀mejì lójúmọ́ ni a ó máa gún un, kò sì dáàbò bo irin tó oògùn oníhóró. Yàtọ̀ sí èyí, láti ìgbà tí ìjọba ti dín ọjà òkèèrè kù, n kò rí abẹ́rẹ́ náà ní Jos yìí."

"Bí kò bá lo ohunkóhun ńkọ́?"

"Ìyẹn kì í ṣe ọ̀nà. Ihò ni."

"Èwo ni ó yàn?"

"Oògùn rẹ̀. Oyún kan ti bàjẹ́ lára rẹ̀ ní èṣí nítorí oògùn yẹn, síbẹ̀ ó yàn án. Ó ní, 'Dókítà, bí mo bá kú, ta ni yóò tọ́ ọmọ tí ẹ bá gbà là?' Kò sunkún. Èmi ni ó kù díẹ̀ kí n sunkún."

"Ẹnikẹ́ni jiyàn?"

"Ìyá ọkọ rẹ̀ nìkan. Ó ní kí a wá abẹ́rẹ́ kiri títí dé Kaduna, pé òun yóò máa gún un fúnra òun bí a bá kọ́ òun. Bàbá rẹ̀ kò la ẹnu." Ó nu awò ojú náà. "Ohun tí ó ń dùn mí, Ìnsípẹ́kítọ̀, ni pé kò yẹ kí ọ̀rọ̀ dé ibẹ̀. Ní London, wọ́n fẹ́ fi ilẹ̀kùn ọkàn ẹlẹ́dẹ̀ sí i, nítorí pé ọmọbìnrin tí yóò bímọ ni. Ìyẹn kò nílò oògùn títí ayé. Ó lè gbó ní nǹkan bí ọdún mẹ́wàá, a ó sì pààrọ̀ rẹ̀. Bàbá rẹ̀ ni ó kọ̀ jálẹ̀. Ó ní ẹran a máa jẹrà, irin ni kí wọ́n fi sí i."

Ọmọ́ládé dìde. "Ìbéèrè kan ni ó kù. Irin náà a máa dún?"

"Bí agogo ọwọ́. Bí ó bá ń dún ketekete, ọkàn wa balẹ̀. Bí ohùn rẹ̀ bá bẹ̀rẹ̀ sí í kú, ẹ̀jẹ̀ ti ń bò ó."

*

Jonathan ní tirẹ̀ ti rí ọ̀daràn: Akínwọlé oníkẹ́míìsì, tí ó ń ta oògùn náà ní ẹ̀gbẹ́ ọjà.

"Ayédèrú ni, Màdáámù. Ayédèrú ti kún ìlú. Ẹfun ni wọ́n ń rẹ láró."

Akínwọlé gbọ́ ọ láti ẹ̀yìn tábìlì. Ó rẹ́rìn-ín. "Kọ́pùràlì, ẹ wo òkè. Páànù tí ó ń jò ni ẹ ń wò yẹn. Àwọn tí ń ta ayédèrú ti kọ́ pẹtẹ́ẹ̀sì."

"Ẹ̀rín kọ́ ni mo bá wá," ni Ọmọ́ládé wí. "Ẹ gbé agolo oògùn náà wá."

Hóró pẹlẹbẹ ni ó wà nínú agolo náà, àwọ̀ ilẹ̀ amọ̀ ni wọ́n ní, ìlà kan sì là á láàrin. Ó mú ọ̀kan, ó tọ́ ọ wò, ó tutọ́. Ó korò díẹ̀.

"Ta ni ó tún ń jẹ nínú agolo yìí?"

"Bàbá kan tí ó fẹ̀yìn tì nídìí iṣẹ́ reluwé. Ẹ̀jẹ̀ dì sí i lẹ́sẹ̀. Ẹnu ọ̀nà kejì ni ilé rẹ̀."

Wọ́n kan ilẹ̀kùn bàbá náà. Ó fi aṣọ funfun di àgbọ̀n rẹ̀, ẹ̀jẹ̀ sì ti là á já.

"Kí ni ó ṣe yín, Bàbá?"

"Abẹ ni. Mo fá irùngbọ̀n ní àárọ̀ àná, abẹ gé mi bíńtín, ẹ̀jẹ̀ kò sì dá títí di ọ̀sán. Èṣù ni oògùn yẹn, ṣùgbọ́n dókítà ní n kò gbọdọ̀ fi í sílẹ̀."

Ọmọ́ládé kí i, ó yí padà. "Jonathan, ṣé ẹfun ni ó ń ṣe bẹ́ẹ̀?"

"Rárá, Màdáámù."

"Nígbà náà, má ṣe tún fi ọ̀ràn kan ọmọ ènìyàn nítorí pé páànù rẹ̀ ń jò."

*

Ní Jenta Adamu, ògiri kan ṣoṣo ni ó wà láàrin yàrá Péjú àti yàrá Monica. Télọ̀ ni Monica, ọmọ ilẹ̀ Plateau gan-an. Ṣùgbọ́n àárín àwọn Ògbómọ̀ṣọ́ ni ó gbé dàgbà, Yorùbá rẹ̀ sì dán ju ti ọ̀pọ̀ ọmọ Yorùbá tí a bí sí àdúgbò náà lọ.

"Sannu, Àǹtí. Ẹ jókòó sórí àga, ẹ má jókòó sórí bẹ́ẹ̀dì, abẹ́rẹ́ wà níbẹ̀."

"O máa ń gbọ́ ọkàn Péjú láti ibí?"

"Ògiri amọ̀ ni, Àǹtí. Kẹ̀, kẹ̀, kẹ̀. Òun ni mo fi ń sùn. Mo máa ń bú u pé, 'Ìyá Alágogo, ṣé agogo rẹ kò ní sinmi ni?' Yóò ní, 'Ọjọ́ tí ó bá sinmi, kí o wá wẹ̀ mí.'" Ó ṣa abẹ́rẹ́ kan lórí bẹ́ẹ̀dì. "Èmi náà ni mo sì wẹ̀ ẹ́."

"Ìgbà wo ni o gbọ́ ọ gbẹ̀yìn?"

"Kò dákẹ́ lẹ́ẹ̀kan náà. Ìgbà tí mo ń rán aṣọ ìkórè ìjọ wa ni, ó ti kọjá ìdajì oṣù Kẹwàá. Mo ṣàkíyèsí pé mo ń dẹ etí kí n tó gbọ́ ọ. Ó dàbí agogo tí wọ́n fi aṣọ wé. Nígbà tí oṣù yìí fi wọlé, n kì í gbọ́ nǹkan kan mọ́."

"O sọ fún un?"

"Mo sọ. Ó ní oyún ti mú òun sanra ni. Ohun tí ó ń bà á lẹ́rù ni ìtọ̀ rẹ̀. Àǹtí, ó fi hàn mí nínú póò: ó ń tàn yòò bí èèpo ọsàn. Ó rò pé ibà pọ́njú-pọ́njú ni. Ó tún ní oògùn òun ti ń dùn lẹ́nu bíi súwíìtì."

Ọmọ́ládé fi bírò sílẹ̀. "Ó mọ̀ pé oògùn náà yàtọ̀, kò sì béèrè?"

"Haba, Àǹtí! Ẹ̀yin Yorùbá ni ẹ wá ń bi èmi? Ó wà lórí ìkúnlẹ̀, ìyá ọkọ rẹ̀ kó oògùn lé e lọ́wọ́ méjèèjì. Ṣé kí ó wá máa yẹ̀ ẹ́ wò bí ẹni tí ń ṣa tòmátì lọ́jà ni? Wọn yóò ní kò lẹ́kọ̀ọ́."

"Ta ni ó ń gbé ìgò oògùn náà wá sílé?"

"Bàbá rẹ̀ ni, ní ọ̀sẹ̀ mẹ́rin-mẹ́rin. Kò jẹ́ kí ẹlòmíràn rà á rí. Ìgò kan tán ní ọjọ́ Sátidé tí ó kọjá. Kò tíì gbé òmíràn dé tí Péjú fi kú."

*

Nínú ọkọ̀, Jonathan ni ó kọ́kọ́ sọ̀rọ̀. "Wallahi, Màdáámù, ìyá náà ni. Oògùn dùn lẹ́nu, láti ọwọ́ rẹ̀ ni ó sì ti wá."

"Nígbà tí mo bí ọmọ mi kejì, wọ́n fún mi ní fítámì Bíkó. Ní ọjọ́ kejì, mo wo inú póò, mo pariwo. Mo rò pé ẹ̀dọ̀ mi ti jó tán. Nọ́ọ̀sì fi mí rẹ́rìn-ín. Bíkó ni ó ń sọ ìtọ̀ di bẹ́ẹ̀. Àwọ̀ wo ni Bíkó tí ó wà ní Jos?"

Jonathan ronú. "Ó jọ àwọ̀ ilẹ̀ amọ̀. Ṣúgà ni wọ́n fi bò ó."

"Ojú Ìyá Olúkọ́lá ti fọ́ tó ìdajì. Kò mọ̀wé, kò sì mọ ọ̀nà kẹ́míìsì. Ohun tí ó bá inú ìgò ni ó ń fún un. Ó sì fẹ́ abẹ́rẹ́. Ẹni tí ó fẹ́ abẹ́rẹ́ kò fẹ́ àìlò. Ìyẹn ọ̀kan. Èkejì: Monica ní irin náà ń kú lọ. Bàbá Péjú gbọ́ irin kan náà ní ọ̀sẹ̀ kan náà, ó ní kò dára tó bẹ́ẹ̀ rí. Ta ni ó purọ́ nínú wọn?"

"Ọ̀kan gbọ́dọ̀ purọ́."

"Kò sí ẹni tí ó purọ́. Ohùn kan náà ni wọ́n gbọ́. Kí ni iṣẹ́ ọkùnrin yẹn?"

"Ó ń tún ẹ̀rọ…" Jonathan tẹ bíréèkì. "Kai!"

"Lọ bi Akínwọlé léèrè ohun tí bàbá Péjú ń rà mọ́ wọ́fárínì láti ìparí oṣù Kẹsàn-án."

Kò pẹ́ tí ó fi padà. "Bíkó, Màdáámù. Ẹ̀ẹ̀mejì."

*

Ní òwúrọ̀ Sátidé, Samson Àkàndé tẹ̀ ba orí ẹ̀rọ kan nínú ṣọ́ọ̀bù rẹ̀, ó ń fi ìyẹ́ adìyẹ kan òróró sínú rẹ̀.

"Ìnsípẹ́kítọ̀! Ṣé ẹ ti gbé e lọ?"

"Ọjọ́ Ajé ni. Bàbá, ẹ̀rọ kan wà nílé mi tí ń pariwo. Mo ní kí n bi yín."

Ojú rẹ̀ là. "Báwo ni ó ti pẹ́ tó?"

"Ọdún mẹ́ta."

"Òróró ńkọ́?"

"Ojoojúmọ́."

"Ó ti pọ̀ jù! Ẹ̀rọ tuntun ni ó ń fẹ́ òróró ojoojúmọ́, nítorí irin kò tíì mọ irin. Bí ó bá ti jókòó tán, ẹ dín in kù. Bí ẹ bá ń dà á sí i bẹ́ẹ̀, aṣọ tí ẹ ń rán lórí rẹ̀ ni yóò bàjẹ́."

"Báwo ni n óò ṣe mọ̀ pé ó ti jókòó?"

"Ariwo rẹ̀ yóò rọ̀. Ẹ̀rọ tí ó dára kì í pariwo."

"Bíi ti Péjú?"

Ìyẹ́ adìyẹ náà dúró lójú kan. Kò sá fún ìbéèrè náà. Ó gbé orí sókè bí oníṣẹ́ tí a béèrè iṣẹ́ ọwọ́ rẹ̀.

"Bíi ti Péjú. Ọdún mẹ́ta ni irin náà fi ń pariwo, wọ́n sì ń da oògùn sí i. Oògùn yẹn, òróró ni. Mo wò wọ́n títí ó fi ba oyún àkọ́kọ́ jẹ́. Mo ní kò ní ṣẹlẹ̀ lẹ́ẹ̀kejì."

"Ó ti yàn fúnra rẹ̀, Bàbá."

"Kí ni ó mọ̀ nípa irin tí yóò fi yàn?"

"Ẹ kó oògùn rẹ̀ kúrò nínú ìgò, ẹ kó Bíkó sí i."

"Bíkó pa ta ni rí? Ó ń fún aboyún lókun! Ẹ sì gbọ́: oṣù kan péré, ariwo náà rọ̀. Mo kúnlẹ̀ dúpẹ́ lọ́wọ́ Ọlọ́run. Ìdí nìyí tí mo fi mọ̀ pé ọkàn kọ́ ni ó pa á. Obìnrin yẹn…"

Ọmọ́ládé tú aṣọ kan tí dókítà fi lé e lọ́wọ́. Ó gbé ohun tí ó wà nínú rẹ̀ sórí tábìlì: òrùka irin kan tí kò tóbi ju kọ́ìnì lọ, tí ilẹ̀kùn kékeré roboto wà láàrin rẹ̀. Ohun dúdú kan yí etí rẹ̀ ká.

Bàbá náà mú un, ó yí i sí ìmọ́lẹ̀. Ó fi àtàǹpàkò ti ilẹ̀kùn náà. Kò mì. Ó tún un tì jẹ́jẹ́, bí ẹni tí ó mọ irin tí kò yẹ kí a fi agbára mú. Ọwọ́ rẹ̀ nà sí ibi tí àwọn irinṣẹ́ rẹ̀ wà, ó kan ọ̀kan, ó sì fi í sílẹ̀.

"Ó há," ni ó wí.

"Ó há, Bàbá."

"Láti ìgbà wo?"

"Láti ìgbà tí ó ti dákẹ́."

Níta, àwọn oníbàárà ń fi Hausa ná aṣọ, wọ́n ń rẹ́rìn-ín. Ọkùnrin náà gbé irin náà padà sórí aṣọ.

"Ọjọ́ tí mo gbé etí lé àyà rẹ̀ gbẹ̀yìn, ó bi mí léèrè. Ó ní, 'Bàbá, ó ń rẹ̀ mí gan-an. Ṣé ó dára?' Mo ní, 'Péjú, kò dára tó báyìí rí.'"

*

Wọ́n ṣí ilẹ̀kùn àtìmọ́lé fún Ìyá Olúkọ́lá kí ọ̀sán tó pọ́n.

"Ìyá, ẹ máa lọ sílé. Ẹ jọ̀wọ́, ẹ má bínú."

"Ta ni ó kó nǹkan mìíràn sínú ìgò?"

"Bàbá rẹ̀ ni."

Arúgbó náà wé gèlè rẹ̀. Ó wé e lẹ́ẹ̀mejì kí ó tó dúró. "Ta ni ó fún un?"

Arúgbó náà la àtẹ́lẹwọ́ rẹ̀ méjèèjì hàn án.

"Ìgò méjì, ọ̀sẹ̀ mẹ́jọ. Èmi ni mo fún un. Kò sí òwúrọ̀ kan tí kò ní, 'Ẹ ṣeun, Màámi.'"

Samson Àkàndé, tí ó bá wọn wá láti ṣọ́ọ̀bù rẹ̀, ti dọ̀bálẹ̀ ní ẹnu ọ̀nà, ó fi àyà lélẹ̀ gbalaja. Ìyá Olúkọ́lá dúró díẹ̀ níwájú rẹ̀. Kò ṣépè, kò sì ní kí ó dìde. Ó gba ẹ̀gbẹ́ rẹ̀ kọjá sínú ọyẹ́. Jonathan ní kí òun fi ọkọ̀ gbé e dé Jenta Adamu; ó kọ̀.

Jonathan padà sí ìdí tábìlì, ó ṣí ìwé ńlá. "Màdáámù, ibi ẹni tí ó mú ẹ̀sùn wá, Samson Àkàndé ni ó wà níbẹ̀."

"Fi í sílẹ̀ bẹ́ẹ̀."

"Ibi ẹni tí a fi ẹ̀sùn kàn ńkọ́?"

"Fa ìlà lé orúkọ ìyá náà."

"Kí n wá kọ ta ni?"

Ọmọ́ládé la ẹnu, ṣùgbọ́n láti ilẹ̀ẹ́lẹ̀ ni ìdáhùn ti wá.

"Kọ Samson Àkàndé. Kọ ọ́ kí ó hàn."